Kí ló dé tí wọ́n fi ń dán filesystem tó ti pẹ́ nílẹ̀ wò bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é?

Ìbéèrè: Láti 2009 ni Btrfs, ọ̀kan lára àwọn filesystem (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà to fáìlì sórí díìsìkì), ti wà nínú Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá wù ú sì ti ń yàn án tipẹ́ nínú installer (ètò tó ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà) ti Fedora, irú Linux kan. Kí ló dé tí wọ́n tún fi pe àwọn èèyàn jọ ní 2020 pé kí wọ́n wá dán an wò, kó tó gba ipò ext4, filesystem tí Fedora ń lò tẹ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí rú èmi náà lójú rí. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ mú, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n mú fún un. Ẹni tó yan Btrfs fúnra rẹ̀ ti kà nípa rẹ̀. Bí nǹkan bá dàrú, ó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ẹni tó kàn ń tẹ bọ́tìnnì títí installer fi parí iṣẹ́ kò tiẹ̀ mọ̀ pé ohun kan ń jẹ́ filesystem. Fọ́tò rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì máa gbé inú ohunkóhun tí wọ́n bá bá a yàn. Nítorí tirẹ̀ ni ìdánwò náà ṣe wà.

Ìbéèrè: Ṣé kí kọ̀ǹpútà ṣáà ti tàn kọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Díìsìkì òfìfo kì í sábà fa wàhálà. Níbi tí ètò mìíràn ti wà lórí díìsìkì kan náà, tí ẹni tó ni ín fẹ́ kí /home (ibi tí fáìlì tirẹ̀ ń gbé) àtijọ́ kù, tàbí tó fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti díìsìkì pa, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Èyí tó ká mi lára jù ni díìsìkì tó kún. Btrfs kì í kọ nǹkan tuntun lé ti àtijọ́ lórí: ibi tó ṣófo ló ń kọ ọ́ sí, lẹ́yìn náà ni yóò gba ti tuntun wọlé. Ìdí nìyí tí iná fi lè lọ lójijì kí ti àtijọ́ ṣì wà pérépéré. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni kò fi lè pa fáìlì rẹ́ láìsí àyè díẹ̀ tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹ wo ẹni tó ń pa fáìlì rẹ́ kí àyè lè wà, tí kọ̀ǹpútà ń dá a lóhùn pé àyè kò sí! Ẹni náà kò gbọ́dọ̀ bá irú èyí pàdé láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ bá a pàdé.

Ìbéèrè: Kí wá ni èrè rẹ̀?

Ìdáhùn: Nínú ètò ext4 ti Fedora, ògiri wà láàárín / (ibi tí ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wà) àti /home, ọ̀kan lè kún nígbà tí èkejì ṣófo. Lórí Btrfs, àyè kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Ó tún máa ń yẹ fáìlì wò bó ṣe ń kà á, bí díìsìkì bá ti bà á jẹ́, yóò kọ̀ láti gbé e fún ẹ. Àwọn kan á ní Btrfs ló ba fáìlì àwọn jẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ló tú àṣírí díìsìkì.

Ìbéèrè: Ibo ló já sí?

Ìdáhùn: Ní October 2020, Fedora 33 gbà á fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì àti alágbèéká. Fedora Server dúró sórí XFS, filesystem mìíràn. Red Hat, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe agbátẹrù Fedora, ní tirẹ̀ ti yọ Btrfs kúrò nínú RHEL 8, Linux tó ń ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́, ní 2019.

Ìbéèrè: N kò mọ kóòdù kọ. Ṣé mo lè bá wọn dán irú nǹkan báyìí wò?

Ìdáhùn: Irú yín gan-an ni wọ́n ń wá. Ẹ lo ẹ̀rọ tí kò ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn nínú, ẹ má ṣe yí ohunkóhun padà nínú installer, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ sílẹ̀. Bí installer bá kọsẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nínú /tmp, àpò fáìlì onígbà díẹ̀. Ẹ dà á sórí fláàṣì kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, torí bí ẹ̀rọ bá ti kú, ó lọ nìyẹn.