Ojú rẹfirí kíríkẹ́ẹ̀tì, àti ibi tí Dharmasena ti ṣì í

Bí wọ́n bá pe rẹfirí ní Òṣogbo, fèrè àti káàdì ló máa ń wá síni lọ́kàn. Rẹfirí kíríkẹ́ẹ̀tì kì í fun fèrè. Kíkà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni ẹnì kan máa ń jù kí ẹlòmíràn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lórí pápá ilé-ìwé lè kó ọmọ ayò mẹ́fà sápò ọ̀tún, kó máa mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan bọ àpò òsì. Bọ́ọ̀lù tó yà jù, tàbí èyí tí ajubọ́ọ̀lù tẹ ìlà kọjá kó tó jù ú, kò sí nínú kíkà. Ibẹ̀ ni ọmọ ayò ti sábà máa ń ṣìnà.

Kumar Dharmasena wà nínú ikọ̀ Sri Lanka tó gba ife àgbáyé ní 1996. Ó fẹ̀yìn tì ní 2006. Ní 2009 ó ti ń ṣe rẹfirí láàárín orílẹ̀-èdè, nígbà tó sì di 2015, òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbá àṣekágbá ife àgbáyé tó tún padà ṣe rẹfirí rẹ̀. Ẹ má rò pé òkìkí ló gbé e débẹ̀ o: òfin 42 ló wà níwájú ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, àgbà eré kò sì ń fi orúkọ yẹ̀ ẹ́.

Òfin kan nínú wọn ló gbé e ṣubú. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù lọ, àwọn méjì tó mú igi lọ́wọ́ á sáré pààrọ̀ àyè, nǹkan bíi mítà 17.7 láti ìlà sí ìlà. Àmì kan ni ìsáré kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù padà bá jù ú títí ó fi yí dé ààlà pápá, àmì 4 á kún un. Ìsáré tí wọ́n ti parí wọlé. Èyí tí wọ́n ṣì ń sá lọ́wọ́ kò wọlé àfi bí àwọn méjèèjì bá ti kọjá ara wọn kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú.

Ní July 14, 2019, nínú àṣekágbá ife àgbáyé ní pápá Lord's ní London, Martin Guptill ti New Zealand ju bọ́ọ̀lù padà nígbà tí Ben Stokes àti Adil Rashid ti England kò tíì kọjá ara wọn nínú ìsáré kejì. Stokes fò lélẹ̀, bọ́ọ̀lù ba igi rẹ̀, ó yí lọ sí ààlà. Dharmasena fún England ní 6. 5 ló yẹ, Rashid ló sì yẹ kó dúró de bọ́ọ̀lù tó kàn. England àti New Zealand parí sí 241 sí 241. Dharmasena gbà lẹ́yìn náà pé òun ṣì í, ó ní òfin kò fàyè sílẹ̀ láti bi rẹfirí orí fídíò.

Ojú méjì kò lè wo ibi mẹ́ta: ọwọ́ ẹni tó ń jù ú lókèèrè, àwọn tó ń sáré láàárín, àti ìlà tí igi gbọ́dọ̀ kàn. Nítorí náà ni rẹfirí ṣe jẹ́ méjì. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n ti pín in: ẹni tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ á máa wo ìlà, ẹnìkejì á máa wo ìkọjá. Bí ó bá rú wọn lójú, kí wọ́n pàdé láàárín pápá kí akọ̀wé àmì tó kọ ohunkóhun.