Livor mortis: àmì ẹ̀jẹ̀ tó ń tú àṣírí apànìyàn nínú ìwé ìtàn ọ̀daràn

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ìwé ìtàn ọ̀daràn, pàápàá irú èyí tí dókítà tó ń yẹ òkú wò àti ẹ̀mí òkú fúnra ẹ̀ jọ wà nínú ẹ̀, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa pàdé "livor mortis", ìyẹn àmì pupa tó máa ń hàn lára òkú níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá rọ́ lọ. Àwọn òǹkọ̀wé kan á kàn dárúkọ ẹ̀ wọ́n á sì kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni igi lẹ́yìn ọgbà irú ìtàn yìí, torí òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ibi tí wọ́n ti rí òkú ni ẹni yẹn kú sí lóòótọ́ àbí ńṣe ni wọ́n gbé e wá síbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà téèyàn wà láàyè, ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri gbogbo ara. Tí ọkàn bá ti dáṣẹ́ dúró, kò sóhun tó ń ti ẹ̀jẹ̀ mọ́, ńṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe ń lọ sí ìdí ìgò. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀, ẹ̀yìn lẹ̀jẹ̀ máa rọ́ lọ, tó bá dojú bolẹ̀, ojú, àyà àti ikùn ni, tó bá sì jẹ́ pé wọ́n so ó rọ̀ ni, á lọ sí ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Ibẹ̀ á wá pọ́n, á máa ṣú lọ títí á fi rí bí àwọ̀ àlùkò. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí 2. Ṣùgbọ́n ibi tí ara ti tẹ ilẹ̀ gan-an, bí èjìká àti ìdí, kì í pọ́n, torí ìwúwo ara ti fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pa, ẹ̀jẹ̀ ò ráàyè wọlé.

Dókítà á wá fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó pọ́n yẹn, á yọwọ́, á máa wò ó. Tí ojú ibẹ̀ bá ṣì ń yọ funfun kí pupa tó padà dé, á jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣì lè rìn. Tó bá tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ tí kò yí padà, ó ti dúró síbẹ̀ nìyẹn, ó sì máa ń tó wákàtí 8 sí 12 kó tó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ooru àti òtútù lè yí i. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn: tí wọ́n bá yí òkú padà kí ẹ̀jẹ̀ tó dúró, àmì náà á tẹ̀ lé e lọ sí ìsàlẹ̀ tuntun, tó bá sì jẹ́ pé ó ti ń dúró díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n yí i, àmì á wà lójú méjèèjì. Tó bá ti dúró pátápátá ńkọ́? Kò ní lọ síbì kankan mọ́, kódà kí wọ́n gbé òkú náà rìn ìrìn-àjò gbogbo ọjọ́.

Ká ní wọ́n bá obìnrin kan lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ó nà gbalaja, ó kọjú sókè, ó dà bí ẹni tó sùn tí kò jí. Lóru, ẹ̀mí ẹ̀ fara han ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ohun kan ṣoṣo tó sì sọ ni pé epo bẹntiróòlù ń rùn sí òun nímú, ilẹ̀ sì ń mì. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ò lè kọ ìyẹn sínú ìwé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà tú aṣọ, àyà àti ikùn ló pọ́n, ẹ̀yìn ò ní nǹkan kan, àwọn ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì la ikùn já, wọ́n jìnnà síra bákan náà, wọ́n bá kápẹ́ẹ̀tì bùútù mọ́tò ọkọ ẹ̀ mu rẹ́gí. Ó ti dojú bolẹ̀ nínú bùútù yẹn fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Irú ìwé tó dáa lójú mi nìyẹn. Ẹ̀mí òkú mọ kìkì ohun tí òun fúnra ẹ̀ rí tàbí gbọ́, ara ẹ̀ ló ń sọ ìyókù. Èyí tí mi ò lè kà dópin ni ibi tí ẹ̀mí á ti dárúkọ apànìyàn látìbẹ̀rẹ̀, tí gbogbo àyẹ̀wò dókítà á wá di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ lásán. Ẹ̀mí òkú ò lè búra nílé ẹjọ́, lọ́yà kankan ò sì lè bi í ní ìbéèrè.

Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé rí o. Ní January 1897, ní West Virginia, Amẹ́ríkà, wọ́n bá Zona Heaster Shue nínú ilé ẹ̀, ó ti kú. Kí dókítà tó dé, ọkọ ẹ̀ ti wọṣọ tó ní kọ́là gíga fún un, kò sì jẹ́ kí dókítà yẹ ọrùn ẹ̀ wò dáadáa, bí wọ́n ṣe sin ín nìyẹn. Ìyá ẹ̀, Mary Jane Heaster, wá ní ọmọ òun ń fara han òun lóru, òru 4 gbáko, ó sì ń ṣàlàyé bí ọkọ ẹ̀ ṣe ṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyá yìí lọ bá lọ́yà ìjọba, kò sinmi títí wọ́n fi hú òkú náà lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọrùn ti ṣẹ́ lóòótọ́, ojú ìka sì wà lọ́fun. Nílé ẹjọ́, lọ́yà ìjọba ò fẹnu kan ọ̀rọ̀ ẹ̀mí òkú rárá, lọ́yà ọkọ ló gbé e jáde, ó rò pé wọ́n á fojú were wo ìyá náà, àmọ́ mìmì kan ò mì í. Wọ́n dá ọkọ lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n gbére, ó sì kú síbẹ̀ ní 1900. Ẹ̀mí òkú ló jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, ọrùn tó ṣẹ́ ni lọ́yà ìjọba gbé síwájú adájọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ irú ìtàn yìí, ẹ má jẹ́ kí dókítà yín tẹ òkú lẹ́ẹ̀kan kó wá sọ pé aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 17 ló kú, livor mortis ò lè ṣe ìyẹn láéláé. Ẹ rántí pé ó ṣòro láti rí lára ẹni tó dúdú dáadáa, àti lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà dànù kó tó kú. Tí gáàsì carbon monoxide bá pa èèyàn, pupa fòò ni àmì náà máa ń jẹ́, àmọ́ òtútù náà lè sọ ọ́ di pupa bẹ́ẹ̀, torí náà àwọ̀ nìkan ò tó. Ó tún jọ ojú ibi tí wọ́n ti lu èèyàn, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ńṣe ni dókítà máa ń la ibẹ̀: tó bá jẹ́ ìlù, ẹ̀jẹ̀ ti wọnú ẹran, omi ò lè fọ̀ ọ́ kúrò, tó bá jẹ́ livor mortis, inú iṣan lẹ̀jẹ̀ ṣì wà, á ṣàn jáde, èèyàn á sì nù ún kúrò. Ẹ jẹ́ kí dókítà inú ìwé yín la ibẹ̀ kó tó sọ pé wọ́n lu olóògbé.