Píkọ́ọ̀pù heavy-duty ti Amẹ́ríkà: bó ṣe ń fa ẹrù àti bó ṣe ń pẹ́ tó

Heavy-duty ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe píkọ́ọ̀pù tí wọ́n dìídì ṣe torí iṣẹ́ ńlá, kó lè gbé ẹrù tó wúwo sẹ́yìn kó sì tún fa òmíràn tẹ̀ lé ara ẹ̀. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nídìí ẹ̀: Ford tó ń ṣe Super Duty (F-250, F-350 àti F-450), Ram tó ń jẹ́ Dodge tẹ́lẹ̀ (2500 àti 3500), pẹ̀lú General Motors tó ń ṣe Chevrolet Silverado HD àti GMC Sierra HD. Ní Nàìjíríà tèèyàn bá ti dárúkọ píkọ́ọ̀pù, Hilux ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, Hilux sì lágbára lóòótọ́, àmọ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ ni ibi tó ga jù tó lè fà dé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń tà á, Ford sì sọ pé F-450 ti 2023 lè fa 40,000 páùn, ìyẹn tọ́ọ̀nù méjìdínlógún ó lé díẹ̀. Tírélà tí à ń sọ níbí kì í ṣe ọkọ̀ gbọọrọ tó ń gbé kọ̀ńténà tí à ń pè bẹ́ẹ̀ nílé o, èyí tí kò ní ẹ́ńjìnì tí wọ́n kàn ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò ni: ó lè jẹ́ ti màlúù, ti kátápílà kékeré, tàbí ilé onítáyà táwọn èèyàn fi ń rìnrìn àjò.

Òfin Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n pín wọn. Èyí tí ìwúwo gbogbo ẹ̀, ìyẹn mọ́tò fúnra ẹ̀, epo, èèyàn àti ẹrù, bá wà láàárín 8,501 sí 10,000 páùn ni Class 2b, èyí tó bá lọ láti 10,001 dé 14,000 ni Class 3. F-250 àti Ram 2500 sábà máa ń wà nínú àkọ́kọ́, F-350 àti 3500 nínú ìkejì. Àwọn 3500 kan máa ń ní táyà mẹ́rin lẹ́yìn, méjì méjì lápá kọ̀ọ̀kan, dually ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ìfà yàtọ̀ sí ìgbé

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé nọ́ńbà ìfà tó wà nínú ìpolówó nìkan ni wọ́n ń wò. Tírélà kì í kàn tẹ̀ lé mọ́tò lásán, ó máa ń gbé apá kan ìwúwo ara ẹ̀ lé mọ́tò lórí. Tó bá jẹ́ orí bọ́ọ̀lù irin tó wà nísàlẹ̀ bọ́ńpà ni wọ́n so ó mọ́, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà ló yẹ kó bọ́ sórí bọ́ọ̀lù yẹn, tó bá ti kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún jù sósì bí ìrù ajá téèyàn bá sáré díẹ̀, ó sì lè yí mọ́tò tó ń fà á dànù. Ẹrù tó bá wúwo gan-an kì í ṣe bọ́ńpà ni wọ́n ń so ó mọ́ rárá, inú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù níbẹ̀ yẹn ni, ní ọ̀gangan òkè táyà ẹ̀yìn, bóyá sórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní gooseneck tàbí sórí àwo fifth-wheel tó jọ èyí tó wà lẹ́yìn orí tírélà ní Apápá. Ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń jókòó sórí mọ́tò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní tírélà kan wúwo tó 16,000 páùn, tí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ bọ́ sórí mọ́tò, 3,200 páùn nìyẹn. Ká wá ní píkọ́ọ̀pù 2500 oní-dísẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn mẹ́rin ló fẹ́ fà á, tí wọ́n ti ní ìwúwo gbogbo ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 10,000 páùn, tí òun fúnra ẹ̀ sì ti wúwo tó 7,600 láìtíì gbé nǹkan kan, 2,400 páùn péré ló kù fún dírẹ́bà, ìyàwó, ọmọ, àpótí irinṣẹ́ àti 3,200 tí tírélà gbé lé e lórí yẹn lápapọ̀. Ẹ́ńjìnì lè fa tírélà yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́ kó má tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ sípíríngì, táyà àti axle ẹ̀yìn ti ru ohun tó ju tiwọn lọ. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì sì tún wúwo ju ti pẹtiróòlù, ìdí nìyẹn tí píkọ́ọ̀pù kan náà tó ń lo pẹtiróòlù fi sábà máa ń lè gbé ju ti dísẹ́ẹ̀lì lọ bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò ní fà tó o. Sítíkà kan wà lára òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà tí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù tí mọ́tò yẹn gan-an lè gbé sí, mo gbà pé òun ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kà kó tó ka ohunkóhun nínú ìpolówó.

Tí mọ́tò àti tírélà bá ju 26,000 páùn lọ lápapọ̀, tí tírélà nìkan sì ju 10,000, ẹni tó bá ń fi ṣiṣẹ́ owó ní láti gba láísẹ́ǹsì CDL Class A, irú èyí táwọn tó ń wa tírélà ńlá ń gbà.

Òkè Davis Dam

Tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnra ẹ̀ pinnu bó ṣe máa wọn agbára ìfà, nọ́ńbà sì ń ga sí i lọ́dọọdún. SAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà mọ́tò, wá gbé ìlànà kan jáde ní 2008, J2807, Toyota ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, àwọn ará Detroit, ìyẹn Ford, GM àti Ram, tẹ̀ lé e nígbà tó yá. Ìdánwò tó le jù nínú ẹ̀ ni ti òkè kan lójú ọ̀nà SR 68 ní Arizona, létí Davis Dam, ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè fún nǹkan bíi kìlómítà 18 nínú aṣálẹ̀. Ooru ò gbọ́dọ̀ dín ní 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, éésì gbọ́dọ̀ wà ní títàn dé góńgó, píkọ́ọ̀pù oní táyà méjì lẹ́yìn ò sì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 40 máìlì ní wákàtí kan, dually ò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 35. Ohun tí wọ́n ń wò níbẹ̀ ju agbára ẹ́ńjìnì lọ, rédíétọ̀ ni, òróró gíà ni, fáànù ni, torí ẹ́ńjìnì tó lágbára tó sì ń gbóná lágbedeméjì òkè kò wúlò fẹ́ni tó ń kó màlúù. Wọ́n tún máa ń dá mọ́tò dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kó ṣí kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, kó sì tún fi ẹ̀yìn rìn gòkè lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Sísọ̀kalẹ̀ gan-an ló máa ń pa èèyàn. Lórí I-70 ní Colorado, tèèyàn bá ti jáde látinú Eisenhower Tunnel tó ga ju mítà 3,400 lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kù, bíréèkì tó bá ń gbóná nìṣó níbẹ̀ kò ní mú mọ́ tó bá yá. Ìdí nìyẹn tí àwọn oní-dísẹ́ẹ̀lì fi ní bíréèkì èéfín, tó ń há èéfín mọ́ inú tọ́bò kí ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ lè fà mọ́tò sẹ́yìn, dírẹ́bà kàn ń fọwọ́ kan pẹ́dà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Àwọn ẹ́ńjìnì tó pẹ́ àtèyí tí kò pẹ́

Ẹ́ńjìnì táwọn èèyàn ń yìn jù ni Cummins 5.9 (nọ́ńbà yẹn ni ìwọ̀n ẹ́ńjìnì ní lítà) tó wọ inú Dodge ní módẹ́ẹ̀lì 1989. Ilé iṣẹ́ Cummins ní Columbus, Indiana, náà ni orúkọ ẹ̀ wà lára jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń dún lẹ́yìn báǹkì àti òtẹ́ẹ̀lì nílé. Wọn ò ṣe ẹ́ńjìnì yìí torí píkọ́ọ̀pù níbẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rọ oko àti ẹ̀rọ iṣẹ́ ni, ìyẹn ló fi le bẹ́ẹ̀: sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, irin líle látòkè délẹ̀, gíà ló ń yí káámù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, kò sí bẹ́líìtì tàbí ṣéènì táímíìnì tó máa já. Agbára ẹṣin 160 péré ló ní nígbà yẹn, àmọ́ tọ́ọ̀kì ẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń yí nǹkan, jẹ́ 400 páùn-ẹsẹ̀, tọ́ọ̀kì yìí náà ló ń mú ẹrù kúrò nílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2019, àbúrò ẹ̀ tó jẹ́ 6.7 ti dé 1,000 páùn-ẹsẹ̀, òun ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀ nínú píkọ́ọ̀pù, Ram 3500 ọdún yẹn sì ń fa 35,100 páùn.

Síbẹ̀ Cummins àtijọ́ náà ní tiẹ̀. Pín-ìn-nì kékeré kan wà nínú ilé gíà táímíìnì tó lè yọ bọ́ sáàárín gíà kó sì ba gbogbo ibẹ̀ jẹ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń tètè dì í pa kó tó já bọ́. Gíábọ́ọ̀sì ọ̀tọmátíìkì tí Dodge fi sí i láyé ọjọ́un sì rọ fún ẹ́ńjìnì náà, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ti pààrọ̀ gíà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta tí ẹ́ńjìnì ò tíì sunkún rárá.

Ní ti Ford, 7.3 Power Stroke (1994 sí 2003) tí ilé iṣẹ́ Navistar ṣe fún wọn náà pẹ́ dáadáa, irú ẹ̀ ni wọ́n fi sínú bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé. Super Duty fúnra ẹ̀ jáde bíi módẹ́ẹ̀lì 1999. 6.0 ló wá rọ́pò 7.3 ní 2003, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: kúlà òróró ń dí, kúlà èéfín ń bẹ́, bóòtù tó di tọ́ọ̀pù sílíńdà mú ò tó, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ń jó, àgàgà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í fa ẹrù lójoojúmọ́. Ford àti Navistar tiẹ̀ gbé ara wọn lọ ilé ẹjọ́ ní 2007, àtìgbà tí 6.7 sì ti dé ní módẹ́ẹ̀lì 2011 ni Ford ti ń ṣe dísẹ́ẹ̀lì Super Duty fúnra ẹ̀. Duramax 6.6 ti GM bẹ̀rẹ̀ ní 2001 pẹ̀lú Isuzu, gíà Allison tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lágbára gan-an, ínjẹ́tọ̀ ti àwọn àkọ́kọ́ ló ń tètè bàjẹ́.

Àwọn tòní lágbára jù gbogbo wọn lọ, àmọ́ nǹkan tó lè bàjẹ́ lára wọn pọ̀ sí i. Fílítà èéfín dé ní 2007, ó fẹ́ dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ gan-an, níbi tí dísẹ́ẹ̀lì bá ti ní sulphur púpọ̀ á tètè dí. Páǹpù epo kan tí wọ́n ń pè ní CP4, tó bá ti jẹ ara ẹ̀, á ti irin lúbúlúbú lọ sínú gbogbo ọ̀nà epo títí dé ínjẹ́tọ̀, Ram pe àwọn módẹ́ẹ̀lì 2019 àti 2020 padà torí ẹ̀ ní 2021.

Irú dually báyìí ló ń fa tírélà tó ń kó mọ́tò mẹ́ta mẹ́rin láti ọ́kíṣọ̀n lọ sí pọ́ọ̀tì, ó ṣeé ṣe kí tòkunbọ̀ ẹlòmíì ní Èkó ti gun ẹ̀yìn ọ̀kan rí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan ní àlòkù, kó má wo máìlì nìkan, kó wo iye wákàtí tí ẹ́ńjìnì ti fi ṣiṣẹ́ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, torí píkọ́ọ̀pù ibi iṣẹ́ máa ń dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnì á máa dún látàárọ̀ dalẹ́. Kó tún bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn: tí bọ́ọ̀lù gooseneck bá ti jẹ tó ń dán, tí sípíríngì ẹ̀yìn ti tẹ́ pẹrẹsẹ láìsí ẹrù lórí, mọ́tò yẹn ti fà kọjá ohun tó wà lára sítíkà.