Ọgbẹ́ Ọkàn Tí Nọ́ọ̀sì Ń Gbé Kúrò ní Wọ́ọ̀dù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ikú ti mọ́ nọ́ọ̀sì lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ tẹ àyà ọmọdé títí, tí ọmọ náà sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, lè pín oògùn fún àwọn aláìsàn tó kù láìsunkún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni oorun á wá dá lójú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dún, àyà rẹ̀ á já. Kò ní fẹ́ kọjá níwájú bẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́. Nílé, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan á máa bí i nínú. Bí àṣìṣe oògùn bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìtìjú á tún gorí rẹ̀.

Ọgbẹ́ ọkàn nìyí, ó sì yàtọ̀ sí kí iṣẹ́ tán ènìyàn lókun. Nínú ICD-11, ìwé tó to àwọn àìsàn lẹ́sẹẹsẹ fún gbogbo àgbáyé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò ka ìyẹn sí àìsàn. Wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ló ń fà á. Ọgbẹ́ ọkàn ní tirẹ̀ lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi gígùn. Bó bá ti ju oṣù kan lọ, tó sì ń dí iṣẹ́ tàbí ilé lọ́wọ́, kí nọ́ọ̀sì náà lọ rí dókítà ọpọlọ tàbí afìṣemọ̀rònú. Ìtọ́jú wà fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Àṣà kan wà tí mo ta kò: kí wọ́n kó òṣìṣẹ́ jọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n ní dandan ni kí oníkálukú sọ ohun tó rí. Ìwádìí fi hàn pé irú ìjókòó ẹlẹ́ẹ̀kan bẹ́ẹ̀ kì í dènà ọgbẹ́ ọkàn, ó sì lè dá kún ìnira àwọn mìíràn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má lò ó. Kí ọ̀gá wọ́ọ̀dù fún nọ́ọ̀sì náà lómi mu, kó wá ẹni tó máa bá a mójú tó àwọn aláìsàn rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó bi í ní ohun tó ń fẹ́. Bó bá fẹ́ dákẹ́, kó jẹ́ kó dákẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kó tún béèrè. Ìbéèrè kejì yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má sọ pé, “Ṣebí iṣẹ́ tí o yàn nìyẹn.” Ẹ jẹ́ kó sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Ẹ máa ṣọ́ ọ bó bá ń fi ọtí tàbí oògùn wá oorun. Bó bá ní ayé sú òun, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn.