Bí Orin Kérésìmesì Ṣe Wọ Inú Àwo

Bí a bá ti dé láti ìsìn àárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì ní Oǹdó, bàbá mi àgbà kì í jókòó sídìí iyán kó tó ṣí giramafóònù rẹ̀. Owó kòkó ló fi rà á. Àwọn àwo rẹ̀ dàgbà ju ẹ̀rọ náà lọ, ọwọ́ àlùfáà kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló ti rà wọ́n. Á yí ọwọ́ ẹ̀rọ títí á fi le, á fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i, á nu ojú àwo, gbogbo ilé á sì dákẹ́. Orin ìbí Jésù tó ń jáde níbẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ń ha bí ẹni ń dín àkàrà nítòsí.

Àwa ọmọdé gbà pé ogbó ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà, tí wọ́n á sì kó irú àwo bẹ́ẹ̀ dà sí ààtàn, ó sì ń dùn mí gan-an. Lóòótọ́, eruku àti ogbó wà nínú híha yẹn. Ṣùgbọ́n ohùn tín-ín-rín yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ orin náà.

Ọdún 1877 ni Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gba ohùn èèyàn sórí tánńganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọdún yẹn náà ni Charles Phillips, tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, wá sí Oǹdó láti ṣiṣẹ́ ìjọ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà. Orin Kérésì kò pẹ́ wọ inú ẹ̀rọ náà: ní 1889, Will Lyle fi bánjò ta “Jingle Bells” sórí ìda tí wọ́n mọ bí agolo. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé ó ṣẹ́kù. Ìda a máa jẹ díẹ̀díẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ti ń kọjá lórí rẹ̀, wọn kò sì tíì ní ọ̀nà tó dán mọ́rán láti dà á kọ. Olórin á tún orin kan náà kọ léraléra ni.

Emile Berliner, ọmọ Jámánì tó ń gbé Amẹ́ríkà, ló mú èyí tó rí pẹlẹbẹ wá ní 1887. Ohun tí a rí tí a fi pè é ní àwo nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lẹ́nu wa mọ́. Olórin tí kò fojú kan giramafóònù rí ṣì ń gbé àwo tuntun jáde.

Ọ̀rọ̀ ìwo ló kàn báyìí. Wọn kì í fi makirofóònù kọ orin sínú àwo láyé ìgbà yẹn. Ìwo ńlá kan ló dojú kọ olórin. Agbára ohùn rẹ̀ nìkan ló ń mi awọ fẹ́lẹ́ tó wà nídìí ìwo náà, awọ á ti abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á fàlà sínú ìda. Ohùn tí kò bá lágbára tó láti ti abẹ́rẹ́ ti ṣègbé. Bàsì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kì í wọlé, ìró òkè téńté kì í wọlé, àárín ló ń ṣẹ́kù. Wọ́n fi túbà rọ́pò bàsì olókùn, wọ́n tiẹ̀ so ìwo mọ́ faolíìnì kan. Ẹgbẹ́ akọrin ọgọ́ta kò lè rọ́ wá síwájú ìwo kan ṣoṣo, nítorí náà akọrin díẹ̀ tó fara kanra ló ń ṣe bí ìjọ odindi. Ojú kan àwo tó ń yí nǹkan bí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kì í sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Wọ́n ń gé ẹsẹ orin kúrò.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ Ernestine Schumann-Heink, obìnrin olórin, nínú “Stille Nacht” (“Silent Night” ní èdè Jámánì) tó kọ ní 1908. Ẹ gbọ́ Enrico Caruso, olórin ọmọ Ítálì, nínú “Cantique de Noël” (“O Holy Night” ní èdè Faransé) ti 1916. Inú ìwo ni àwọn méjèèjì kọ ọ́ sí, n kò sì rí ẹni tó tẹ́tí sí wọn dópin tó sọ fún mi pé nǹkan kan kù.

Ohùn Yorùbá náà bá ìwo pàdé. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin ìsìn tó lé ní ogójì fún ilé iṣẹ́ àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Phillips tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, T. K. E. Phillips, tó di atẹdùùrù ìjọ Christ Church l'Ékòó ní 1914, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn pé kí ìró orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́ létí ìjọ.

Ní 1925 ni makirofóònù wọ iṣẹ́ àwo, tí iná mànàmáná gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwo. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ àwo Columbia gbé “Adeste Fideles” (“O Come, All Ye Faithful”) jáde láti gbọ̀ngàn opera kan ní New York. Ohùn 4,850 ni wọ́n kọ sára àwo náà. Ìwo kò lè gba ìdá kan nínú rẹ̀.

Giramafóònù bàbá àgbà ti wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Nínú ọ̀kan lára àwọn àwo náà, ohùn akọrin a máa jìnnà díẹ̀ kó tó ké sókè. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé àárẹ̀ ló mú un. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé wọ́n máa ń sún sẹ́yìn níwájú ìwo bí ibi gíga orin bá ti ń bọ̀, kí abẹ́rẹ́ má baà fò. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni mò ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ìṣísẹ̀ kan péré, kúrò lẹ́nu ìwo.