Àwọn tó kọ àjẹsára ní Kano, àti bí olùwádìí ṣe ń mọ ìdí rẹ̀

Bí ọmọ tí kò gba àjẹsára bá ti pọ̀ jù níbì kan, ohun tó máa ń yá lẹ́nu àwọn aláṣẹ ni pé ojú àwọn òbí ibẹ̀ kò là. Wọ́n á ní kí wọ́n túbọ̀ là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí rédíò, kí wọ́n lẹ bébà mọ́ ara ògiri. Bí iye náà kò bá gbéra, wọ́n á tún polówó sí i. Ibi tí ìpolówó bá pin sí ni iṣẹ́ onímọ̀ ańtọrọpọ́lọ́jì ìṣègùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ yìí ń wo bí àṣà, ẹ̀sìn, owó àti ọwọ́ tí ìjọba fi ń mú aráàlú ṣe ń pinnu ẹni tí àìsàn ń mú àti ẹni tí ìtọ́jú ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń fi kọ́ni ní yunifásítì. Àwọn mìíràn, tí ọ̀rọ̀ wọn là ń sọ níbí, ń bá àwọn elétò àjẹsára ṣiṣẹ́, kí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu aráàlú lè tún ètò náà ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kano ló fi iṣẹ́ yìí hàn jù. Lọ́dún 2003, Ìgbìmọ̀ Gíga fún Ṣàríà ní Nàìjíríà, tí oníṣègùn òyìnbó kan, Dókítà Datti Ahmed, jẹ́ olórí rẹ̀, ní kí wọ́n dá oògùn àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu dúró. Ọ̀rọ̀ ti ń jà ràn-ìn pé wọ́n po nǹkan mọ́ ọn tí kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin lè bímọ lọ́la. Àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan níhà àríwá dá ètò náà dúró. Ti Kano ló pẹ́ jù, ó tó oṣù 11. Kòkòrò àrùn náà kò dúró ní tirẹ̀. Ó gba àríwá Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí ó fi dé Indonesia ní 2005.

Ẹni tó wà nínú ọ́fíìsì ní Geneva, níbi tí oríkò àjọ ìlera àgbáyé (WHO) wà, lè pe èyí ní àìmọ̀kan. Ẹni tó bá jókòó ti àwọn ará Kano á gbọ́ ìtàn mìíràn. Ní 1996, nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀, ilé iṣẹ́ apoògùn ará Amẹ́ríkà, Pfizer, dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò. Ọmọ 200 ni wọ́n lò: 100 gba Trovan, 100 gba oògùn mìíràn, 11 nínú gbogbo wọn kú. Àwọn òbí kan ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Ìpínlẹ̀ Kano gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 2007, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là. Kí ọ̀rọ̀ Trovan tó ṣẹlẹ̀ rárá, ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà kan jáde ní 1988 tó dámọ̀ràn pé kí ọmọ obìnrin kọ̀ọ̀kan má ju mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá ro ìwọ̀nyí pọ̀, tó wá ń fura, orí rẹ̀ pé.

Ìbéèrè mìíràn wà tó wúwo ju ìfura lọ, àwọn tó ṣèwádìí níhà àríwá sì ń gbọ́ ọ léraléra. Bí ibà tàbí èéyi bá kọlu ọmọ, ìyá rẹ̀ ni yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, níbi tí wọ́n á ti ní oògùn ti tán, kó lọ rà á níta. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé àrùn kan ṣoṣo yìí, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì rí lára ọmọ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wọn, ni ìjọba ń gbé oògùn rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún? Kò sí bébà ara ògiri tó lè dáhùn ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè.

Ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń fàmì sí kì í sábà mú irú ọ̀rọ̀ báyìí jáde, torí ohun tí àlejò tó mú bírò lọ́wọ́ fẹ́ gbọ́ ni onílé máa ń sọ fún un. Nítorí náà, olùwádìí á lọ máa gbé ní àdúgbò náà, á gbọ́ èdè wọn, á jókòó níbi tí wọ́n ti ń pọnmi àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ olóògùn, á sì máa tẹ̀ lé àwọn tó ń kán oògùn láti ojúlé dé ojúlé. Ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ á wá hàn sí i. Bí wọ́n bá ti kán oògùn tán, wọ́n máa ń fi yíǹkì kun ìka ọmọńdinrín ọmọ náà, wọ́n á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì sára ilé. Níhà àríwá, wọ́n rí àwọn ọmọ tí yíǹkì wà lára ìka wọn tí oògùn kò sì kan ẹnu wọn. Òṣìṣẹ́ àti ìyá ọmọ ló jọ dì í: ìyá kò fẹ́ kí wọ́n máa padà wá yọ òun lẹ́nu, òṣìṣẹ́ tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kò sì fẹ́ ìjà. Nínú ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ọmọ náà ti gbà á.

Ó tún yẹ kí wọ́n ya ẹni tó kọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí oògùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn Fúlàní darandaran ti ṣí kúrò kí òṣìṣẹ́ tó dé. Obìnrin ẹlẹ́hàá wà nílé, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni wọ́n rán wá, kò sì lè wọlé tọ̀ ọ́. Ìyá mìíràn fẹ́ gbà á, ọkọ rẹ̀ kò sí nílé láti fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì tún máàpù àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ṣe, àwọn abúlé tí kò sí nínú ìwé kankan yọjú. Kò sẹ́ni tó tíì kan ilẹ̀kùn wọn rí débi tí wọ́n á fi kọ̀.

Ètò náà ló wá yí padà. Kano padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2004 pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ṣe ní Indonesia, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Wọ́n bẹ̀ àwọn ọba àti àwọn baálẹ̀ àdúgbò, wọ́n sì gba obìnrin láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan síṣẹ́ kí wọ́n lè wọlé tọ àwọn ẹlẹ́hàá. Wọ́n fi oògùn aràn, ọṣẹ àti àjẹsára èéyi mọ́ ọn. Nígbà tó yá, wọ́n pàgọ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà lọ́fẹ̀ẹ́. Àgọ́ yìí ni mo kà sí èsì gidi sí ìbéèrè àwọn ìyá. Ní oṣù kejì 2013, àwọn agbébọn pa obìnrin tó ń kán oògùn ní Kano, ó kéré tán wọ́n tó 9. Ẹ̀mí wọn wà nínú ohun tí wọ́n kéde ní oṣù kẹjọ 2020, pé ojúlówó kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kò sí mọ́ ní Áfíríkà.

Oríṣi mìíràn ṣì ń jà, èyí tó ti ara oògùn ẹnu náà wá, tó máa ń rí àyè níbi tí ọmọ tó gbà á kò bá pọ̀ tó. Ó nira láti ṣàlàyé fún ìyá tó ti ń fura tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó yẹ kó jẹ́ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìlera ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ àjẹsára HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ní oṣù kẹwàá 2023 fún ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14, ọ̀rọ̀ àìlèbímọ tún jáde. Èkó àti Ògùn wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó dára kí wọ́n bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ń lọ, ọmọbìnrin tó ń kiri omi tútù ní ọ̀sán kò sì sí ní kíláàsì kankan. Ìyá rẹ̀ lè máà tíì gbọ́ ìròyìn kankan, dáadáa tàbí burúkú. Gáréèjì àti ọjà ni wọ́n ti máa rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.