Ẹ Jẹ́ Kí Bátìrì Ọkọ̀ Yín Rọra Gba Iná

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá n ki iná sí bátìrì yìí kíákíá, wákàtí kan péré ni mo ní." Kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò kì í gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù rìwáyà mi. Mo máa ń ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ dọ̀la. Inú wọn kì í dùn, ṣùgbọ́n bátìrì tí ìkánjú pa kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé tí mo ti rí kò lóǹkà.

Ẹ wo ara bátìrì yín dáadáa, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ Ah tẹ̀ lé, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì náà lè gbà. Ẹ pín in sí ọ̀nà 10, ẹ ó mọ iye amp, ìyẹn bí iná ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó láti inú ṣájà. Bó bá jẹ́ 60Ah, amp 6 tó o. Bó bá jẹ́ 75Ah, kó má ju 7.5 lọ. Bátìrì tí iná inú rẹ̀ tán pátápátá á gbà tó wákàtí 10 sí 12. Bí ẹ bá fipá ki iná sí i, á gbóná, omi inú rẹ̀ á gbẹ, òjé inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Àwọn ṣájà ìgbàlódé mọ ìgbà tí bátìrì yó, wọ́n á dáwọ́ dúró fúnra wọn. Èyí àtijọ́ tó wúwo bí òkúta kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò DC tó wà lára jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ 12V, 8.3A sí. Bó bá jẹ́ irú wọn lẹ ní, ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn volt wo bátìrì lóòrèkóòrè. Tó bá ti ń súnmọ́ volt 14.4, ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún un wọ̀n: volt 12.6 ó kéré tán, ó ti yó nìyẹn. Bó bá tún já wálẹ̀ sí 12, ẹ má bínú sí ṣájà, bátìrì gan-an ló ń ṣàìsàn.

Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì tó ń gba iná kò ní òórùn, àmọ́ ó ń bú gbàù. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan já kílíìpù kúrò nígbà tí ṣájà ṣì wà lórí iná. Iná kékeré kan ta pàrà. Ohun tí a gbọ́ lẹ́yìn náà dà bí ìró ìbọn. Ìdérí bátìrì fò lọ gbá páànù òrùlé, ásíìdì sì ta sí i lójú. Ọ̀gá wa wọ́ ọ lọ sẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó ń da omi sí ojú náà láìdáwọ́ dúró títí wọ́n fi rí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ọsibítù. Omi yẹn ni kò jẹ́ kí ojú náà fọ́. Títí dòní, kẹ́ẹ̀gì omi kì í wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣájà mi.

Nítorí náà, ẹ so kílíìpù pupa mọ́ pósítíìfù, kí ẹ so dúdú mọ́ irin ẹ́ńjìnì tó jìnnà sí bátìrì, kí ẹ tó tan ṣájà. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ kọ́kọ́ pa á, ẹ yọ dúdú, lẹ́yìn náà pupa. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe inú yàrá tí ọmọ ń sùn.

Omi bátìrì àti ásíìdì, ike wọn jọra lórí àtẹ. Omi ló máa ń gbẹ, omi náà ni kí ẹ fi kún un, lẹ́yìn tó bá ti gba iná tán.

Ní ti ṣájà fúnra rẹ̀, ẹ má gbé e lé orí bátìrì, èéfín ásíìdì á jẹ ẹ́. Bí ẹ̀tù aláwọ̀ ewé bá hù sí eyín kílíìpù, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ bo ihò fáànù rẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá lò ó. Ọmọ́ńlé ni mo ti bá nínú mẹ́ta tí wọ́n gbé wá fún mi láti tún ṣe. Bí fíúsì bá sì jó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wáyà rọ́pò rẹ̀. Ẹ ra èyí tí iye amp rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu.